Búkà Ẹ̀yìn Òkè-Fìà: Ibi Tí Ọmọ Òkété Ti Ń Rí Nǹkan Jẹ

Ẹ jẹ́ kí n ti orí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀, torí oúnjẹ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Àmàlà wọn dáa. Èlùbọ́ iṣu gidi ni, kò sí àdàlù láfún nínú rẹ̀, ó dúdú, ó fẹ́lẹ́, kò sì ní kókó. Ewédú wọn fà dáadáa. Gbẹ̀gìrì wọn ni mi ò lè jẹ́rìí sí: omi rẹ̀ pọ̀ ju ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Mo ti sọ ọ́ lójú ìyá tó ni búkà náà, ó ní kí n lọ se tèmi nílé. Bí ẹ bá débẹ̀ lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, ṣàkì ti tán, abọ́dì ti tán, pọ̀nmọ́ àti ẹja díndín ló kù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àmàlà méjì, ẹran kan, pọ̀nmọ́ kan àti píọ́ wọ́tà kan, ₦1,900 ni mo san.

Ká ní oúnjẹ nìkan ni, ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni ǹ bá fún wọn, ǹ bá sì bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná wọn, tí àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn nílé máa ń jókòó sí. Tìtorí bẹ́ǹṣì yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí.

Búkà náà kò ní pátákó orúkọ. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Ọláìyá ní Òṣogbo, tí ẹ dé Òkè-Fìà, ẹ béèrè Ìyá Alámàlà lọ́wọ́ àwọn tó ń lọ ata. Àwọn ọlọ́kọ̀ kọ̀rọ̀pẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Kò sí ibi tí ẹ máa gbé mọ́tò sí. Ní ti ilé ìyàgbẹ́ wọn, ẹ ti ilé yín ṣe é wá.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mi ò mọ nǹkan kan nípa bẹ́ǹṣì. Mo ra àmàlà tèmi, mo ní kí wọ́n di òmíràn sínú ọ̀rá fún mi, kí wọ́n má fi ata sí i, kí wọ́n gé ẹran rẹ̀ wẹ́wẹ́. Ìyá Alámàlà gbé ọ̀bẹ dúró. Ó wo ojú mi, ó wo ṣẹ́ẹ̀tì mi tí mo de bọ́tìnnì rẹ̀ gba ojú ihò tí kì í ṣe tirẹ̀, ó ní, “Ọmọdé ni àbí àgbà?” Mo ní àgbà ni. “Ìyá ni àbí bàbá?” Mo ní ìyá. “Ó ti tó ìgbà wo?” Mo ní ó ń lọ sí ọdún kẹrin. Kò sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́, kò sọ pé Ọlọ́run á wò wọ́n sàn. Ó fi orí ọ̀bẹ júwe ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó ní, “Ẹ lọ jókòó sọ́hùn-ún, kí ẹ jẹ tiyín kí ẹ tó gbé tìyá lọ.”

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rántí pé èmi náà ń jẹun.

Aláró ni ìyá mi. Òṣogbo ìlú aró, ẹ̀yin náà mọ̀. Wọ́n wà lára àwọn tó jẹ́ ká máa jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń rí i tí ọwọ́ wọn dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, ewé ẹlú ló bá wa sanwó ilé ẹ̀kọ́, èmi àtàwọn ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí nǹkan náà máa bẹ̀rẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n gbàgbé lórí iná. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbàgbé ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó yá, wọ́n gbàgbé èmi: wọ́n ń fi orúkọ bàbá mi tó ti lọ pè mí, wọ́n ń béèrè ìdí tí mo fi pẹ́ lóko. Dókítà pè é ní dementia. Àwọn ará àdúgbò ní wọ́n ń ṣarán ni. Àwọn kan ní ayé ni, mo sì fẹ́ kí àwọn yẹn má yà sí ọ̀dọ̀ mi mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń le jù. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, wọ́n á ká aṣọ méjì mẹ́ta, wọ́n á dì í sínú gèlè, wọ́n á ní, “Mo fẹ́ máa lọ sílé o.” Inú ilé tí wọ́n fi owó aró kọ́ ni wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Èmi á ní ilé nìyí, ìyá mi. Wọ́n á ní irọ́ ni mò ń pa. A óò máa fà á títí di aago mẹ́wàá alẹ́, ní òwúrọ̀ èmi á dìde lọ kọ́ ọmọ olọ́mọ ní ẹ̀kọ́ ìtàn.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Canada, èkejì wà ní Èkó. Ọmọ dáadáa ni wọ́n. Lóṣooṣù ni wọ́n ń fi nǹkan ránṣẹ́. Owó ń wọlé. Ọwọ́ ni kò wọlé. Ní ọjọ́ Àìkú wọ́n á pe fídíò, ìyá á rẹ́rìn-ín sí fóònù, wọ́n á ní, “Ara wọn mà ti ń yá!”

Gbogbo ẹni tó bá sì yà kí wa ló ń pa òwe òkété fún mi. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Mo ti gbọ́ ọ títí etí mi ti di. Mi ò tíì rí ẹnì kan tó béèrè ohun tí ọmọ òkété ń jẹ tí ọmú fi ń wà lára rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn tí mo fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Pákó gbọọrọ kan ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, wọ́n fi bíríkì tì í. Ẹni mẹ́rin ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyá Ìbejì, tí rọpárọsẹ̀ kọlu ọkọ rẹ̀. Àǹtí Nọ́ọ̀sì, tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Bọ̀dá Kọ̀rọ̀pẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ ní fòníkú-fọ̀ladìde. Àti Alhaja kan tó ń ta àǹkárá ní Ọjà Ọba, tí ìyá ọkọ rẹ̀ kò lè dìde lórí ibùsùn mọ́. Àwa méje la wà báyìí. Ìyá Alámàlà fúnra rẹ̀ ti sin ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tó fi tọ́jú wọn. Ó ní òun mọ àwọn tó wà nínú iṣẹ́ náà láti ọ̀nà jíjìn: wọn kì í jókòó jẹun, bẹ́ẹ̀ ni ojú wọn kì í kúrò lára fóònù.

Èmi nìkan ni ọkùnrin nígbà náà tó ń tọ́jú obìnrin. Ojú tì mí láti sọ̀rọ̀ ìwẹ̀. Báwo ni ọkùnrin ẹni ọdún 52 ṣe ń wẹ ìyá rẹ̀? Mo ti ń di ojú mi wẹ̀ wọ́n, wọ́n á máa pariwo, wọ́n á máa bú mi bí olè. Ìyá Ìbejì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má da omi sí wọn lórí mọ́, ẹsẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Kí n fi ìró bo àyà wọn, kí omi gba orí ìró kọjá. Kí n sì fi kànrìnkàn lé wọn lọ́wọ́, kó dà bíi pé àwọn ló ń wẹ ara wọn. Mo dán an wò lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọn kò bú mi. Wọ́n kọrin.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló là mí lóye nípa ìrọ̀lẹ́. Ó ní ìwà àrùn náà ni, oòrùn wíwọ̀ máa ń dà wọ́n láàmú. Kí n má jiyàn, torí kì í ṣe ilé alámọ̀ ni wọ́n ń wá, ara tó balẹ̀ ni wọ́n ń wá. Kí n ní, “Ẹ jẹ́ ká jẹun ká tó lọ.” Ìgbà tí a bá jẹun tán, wọ́n á ti gbàgbé. Òun náà ló sọ fún mi pé láti ọdún 1992 ni àwọn dókítà Ìbàdàn àti ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà ti jọ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, pé wọ́n wọ àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn lọ bá àwọn arúgbó Yorùbá, wọ́n sì rí i pé àrùn náà kò pọ̀ láàárín wọn tó ti àwọn adúláwọ̀ Indianapolis. Mo ní ó dáa. Nínú ilé tí ó bá ti wọ̀, kò sí “kò pọ̀.”

Ìmọ̀ràn Alhaja ló yà mí lẹ́nu jù. Ó gbé aṣọ funfun ọ̀pá méjì àti ìko fún mi láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Ó ní kí n kàn gbé e síwájú wọn, kí n má sọ nǹkan kan. Ìyá mi wo ìko náà títí. Wọ́n mú un, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di aṣọ náà, oríko kéékèèké, ó tò lẹ́sẹẹsẹ bí ìgbà tí ojú wọn ṣì dá. Wákàtí méjì. Wọn kò rántí orúkọ mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn rántí àdìrẹ oníko.

Ìmọ̀ràn dáa, mi ò kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lè rí ìmọ̀ràn níbikíbi. Ohun tí mi ò rí níbòmíràn ni àáró.

Ẹ̀yin tí àwọn bàbá yín dáko mọ àáró: lónìí gbogbo wa lọ ro oko tèmi, lọ́la a lọ ro tìrẹ, lọ́tùn-ún-la tẹnìkẹta, títí táá fi kárí. Ó yàtọ̀ sí ọ̀wẹ̀. Ọ̀wẹ̀, èèyàn á bẹ ará, á se oúnjẹ, ó parí síbẹ̀. Àáró, gbèsè ni, o gbọ́dọ̀ san án pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ. Bí àwọn ará bẹ́ǹṣì ṣe ń ṣe é nìyí: gbogbo Ọjọ́bọ̀, láti aago mẹ́rin sí méje ìrọ̀lẹ́, ẹni méjì nínú wa á lọ jókòó ti aláìsàn ẹni tó kàn. Ẹni tó kàn á jáde kúrò nílé. Dandan ni kó jáde. Bó bá jókòó sínú ilé, wọ́n á bá a wí. Ibi tó bá wù ú ni kó lọ, wọn kò gbọ́dọ̀ béèrè.

Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ tèmi, ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ni mo lọ. Orí àga rẹ̀ ni mo sùn sí. Ó gé irun mi tán, ó fi aṣọ bò mí, ó ń gé irun àwọn tó kù lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí mo jí, aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo bá ìyá mi nílé, wọ́n ń gbá ọwọ́ Bọ̀dá Kọ̀rọ̀pẹ̀ dànù nídìí ọpọ́n àmàlà pé kò wẹwọ́. Ìrọ̀lẹ́ ti kọjá lọ láìsí èmi níbẹ̀, ilé kò sì wó.

Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn fún ọdún mẹ́rìnlélógún, mo sì máa ń sọ fún wọn nípa Dókítà Lambo, oníṣègùn àìsàn ọpọlọ, ní ilé ìwòsàn Aró (Aró Abẹ́òkúta o, kì í ṣe aró ìyá mi). Ní ọdún 1954, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé rẹ̀, aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ẹbí rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kí wọ́n jọ gbé láàárín àwọn ará abúlé, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú láti ibẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ọ, ti aláìsàn ni mò ń sọ. Orí bẹ́ǹṣì yìí ni mo ti wá ń ro ẹbí tó bá a wá: pé òun náà rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ní àárọ̀, pé àwọn mìíràn wà ní ojúlé kejì tí wọ́n jí lóru bíi tirẹ̀.

Ní oṣù kejì mi níbẹ̀, Àǹtí Nọ́ọ̀sì mú ìwé ìbéèrè kan wá. Zarit àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 1980. Ìbéèrè 29 ni nígbà náà, wọ́n wá dín in kù sí 22. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ni wọ́n ń bi, wọn kì í bi aláìsàn. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti òdo sí mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ 88, bó bá ṣe ń ga sí ni ẹrù ń wúwo sí. Ó kà á fún wa ní Yorùbá, wọ́ọ́rọ́wọ́. 51 ni mo gbà. Mo ti ń fún àwọn ọmọ ní máàkì láti ọjọ́ yìí, 51 kò sì bà mí lẹ́rù rí tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni mo sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò lè sọ fún pásítọ̀ mi. Mo ní mo ti gbàdúrà kan lóru ọjọ́ kan pé kí ìyá mi sùn kí wọ́n má jí. Mo wo ilẹ̀. Mo ń retí kí ẹnì kan ké “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Ìyá Ìbejì ń tú eegun ẹja, kò gbójú sókè, ó ní, “Èmi ti gbà á lẹ́ẹ̀mejì.” Alhaja ní, “Mi ò tiẹ̀ kà á mọ́.” Ìyá Alámàlà bu ọbẹ̀ kún tèmi, ó ní, “Tíṣà, jẹun kó má tutù.”

Ẹ kíyè sí i: “jẹun” ló sọ, kò sọ “ẹ jẹun” mọ́. Látọjọ́ yẹn ni kò ti fi “ẹ” pè mí mọ́, ibẹ̀ ni mo sì ti mọ̀ pé mo ti di ará ilé.

Ó yẹ kí n sọ àléébù rẹ̀, torí kò sí ohun tí mo kórìíra tó kí èèyàn máa yin nǹkan láìmí. Ọ̀sẹ̀ méje jìnnà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó tirẹ̀ lónìí, oṣù kan ààbọ̀ ló kù kó tún tó kàn án, ọ̀pọ̀ nǹkan sì lè ya láàárín ìyẹn. A ti ń sọ ọ́ pé ká ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹnu la fi ń ṣe é. Bẹ́ǹṣì náà tún ń fa àwọn ọlọ́jà: obìnrin kan ń wá tó ń ta àgbo tó ní ó ń dá ọpọlọ padà, ₦7,000 ìgò kan. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti lé e lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn kan sì wà láàárín wa tó jẹ́ pé ìwàásù ni gbogbo ìdáhùn wọn. Èèyàn ní òun ò sùn, wọ́n á ní kó gbààwẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ṣẹlẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ. Àkókò ọdún Ọ̀ṣun ni, ìlù ń dún, àlejò kún ìgboro. Ọjọ́bọ̀ mi ló bọ́ sí. Ẹnì kan nínú wa tí mi ò ní dárúkọ ní kí ẹnì kejì rẹ̀ máa lọ, pé òun tó nìkan, ó wá gba ìpè, ó sì jáde síta fún “ìṣẹ́jú márùn-ún.” Ìyá mi gbọ́ ìlù, wọ́n sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Wákàtí méjì ààbọ̀ la fi wá wọn. Mi ò fẹ́ sọ ohun tí mo rò nígbà tí mo ń wo ojú odò. Bọ̀dá Kọ̀rọ̀pẹ̀ ló ké sí gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí fóònù, ọ̀kan nínú wọn ló rí wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, níwájú ilé kan tí ìkòkò aró wọn wà láyé àtijọ́. Wọ́n jókòó sórí òkúta, wọ́n ń dúró kí àwọn oníbàárà dé.

Mo bínú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi yà sí búkà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ẹni náà wá bá mi nílé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò ṣàwáwí. Mo ní kó dìde. Kì í ṣe pé mo ti gbàgbé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló ti ń lù, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń bọ̀. Látìgbà náà, òfin tuntun ni pé ẹni méjì kò gbọ́dọ̀ dín sí ẹnì kan, a sì so ìdè mọ́ ọwọ́ ìyá mi, tí nọ́ńbà fóònù wà lára rẹ̀.

Oṣù tó kọjá, Àǹtí Nọ́ọ̀sì tún mú ìwé ìbéèrè yẹn dé. 44. Ó ń retí kí n yọ̀. Mo ní máàkì méje ní oṣù mẹ́fà, ọmọ kíláàsì mi tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, màá ní kó tún ìwé rẹ̀ kà. Ó ní kò burú, pé ìyá mi kò kúkú tíì yá. Òun náà ló máa ń bá wa sọ̀rọ̀ Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2023, pé ìyípadà ńlá ni, pé òfin ayé Òyìnbó ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Alhaja bi í bóyá òfin náà lè wá jókòó ti ìyá ọkọ òun lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀. A rẹ́rìn-ín títí àwọn oníbàárà iwájú fi ń yọjú wò wá.

Nítorí náà: oúnjẹ, mẹ́ta, ìmọ́tótó, méjì, bẹ́ǹṣì, márùn-ún, pẹ̀lú bíríkì abẹ́ rẹ̀. Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Kò sí ìwé tí ẹ máa kọ, kò sí owó tí ẹ máa san, ẹ kàn ra oúnjẹ yín. Bí ẹ bá ń tọ́jú ẹnì kan nílé, ẹ má wulẹ̀ béèrè ibi tí ìpàdé wà, wọn kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n di ìkan fún yín láìsí ata, kí wọ́n gé ẹran rẹ̀ wẹ́wẹ́. Ìyá Alámàlà á gbé ọ̀bẹ dúró.

Mo fẹ́ máa lọ. Ọjọ́bọ̀ lónìí, Ìyá Ìbejì ló kàn, èmi àti Alhaja ló ń lọ síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ á ti tẹ́ ọpọ́n ayò sílẹ̀ dè mí. Ọwọ́ òsì nìkan ló ń gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu báyìí, òun náà ni wọ́n sì fi ń jí mi lọ́mọ ayò.